Páànù tí Ilma Kàn Mọ́ Igi

Ilma Rowett kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé, kò sì díbọ́n rí pé òun jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ta gbogbo àgùntàn wọn, ó jẹ́ kí igbó gba ilẹ̀ oko padà, gbogbo ìfẹ́ tó kù lọ́kàn rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ kokatúù dúdú, ẹ̀yà ayékòótọ́ ńlá kan tí ìrù rẹ̀ pọ́n. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo ẹyẹ yìí ń yé lọ́dún. Pósọ́ọ̀mù, ẹranko onírun tó tóbi tó ológbò, ló máa ń gun igi lóru lọ jẹ ẹyin náà. Ìdí nìyí tí àwọn ará Erékùṣù Kangarúù, níbi tí Ilma ń gbé, fi máa ń fi páànù yí ara igi ká, kí èékánná ẹranko náà lè máa yọ̀.

Ta ni yóò ra páànù? Àjọ kan wà ní ìlú ńlá tó máa ń fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní owó ìrànwọ́ kékeré lọ́dún láti fi tọ́jú igbó àti ẹranko. Owó ọ̀hún ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìjà tó ń dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Clive Trestrail, tí ilẹ̀ òun àti ti Ilma pààlà, fẹ́ fi ti ọdún yìí ṣe ọgbà yí odò rẹ̀ ká, kí àgùntàn yé tẹ etí odò di ẹrẹ̀. Ní gbọ̀ngàn àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, Ilma dìde, ó ní kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan létí odò Clive ju ẹ̀fọn àti Clive fúnra rẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ilma ló gba owó náà. Láti ọjọ́ yẹn, Clive kì í kí i mọ́ àfi tó bá fẹ́ fi ṣẹ̀sín, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ilma kan páànù, abo kokatúù ti wà nínú ihò igi gọ́ọ̀mù àtijọ́ kan lẹ́bàá ààlà, ó ń sàba. Ilma ti gé gbogbo ẹ̀ka tó kan igi mìíràn dànù, kí ohunkóhun má baà rí ọ̀nà gbà kọjá. Ìṣó tó kẹ́yìn ló ń gbá wọlé tí Clive fi wá fara ti wáyà ọgbà.

"Ìyá Ẹyẹ, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kọ́kọ́ wo ihò kejì yẹn, èyí tó wà lókè. Pósọ́ọ̀mù ń sùn níbẹ̀." Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́.

"O fẹ́ kí n gùn ún lọ sókè kí n lé ẹyẹ kúrò lórí ẹyin, àbí? Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa."

"Mo fojú mi rí i tó wọlé."

"Irọ́ lò ń pa. Máa lọ sétí odò ẹ, ẹ̀fọn ń wá ẹ."

"Ó dáa. Ẹ máa kàn án lọ."

Lóòótọ́, ẹyẹ náà lè kọ ẹyin sílẹ̀ bí wọ́n bá dà á láàmú. Ṣùgbọ́n Ilma lè dúró di ìrọ̀lẹ́ kó wo ohun tó máa jáde, kó tó kan páànù. Kò sí ará erékùṣù náà tí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Kò dúró, nítorí pé Clive ló sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bá èèpo ẹyin lábẹ́ igi. Ó gbójú sókè. Pósọ́ọ̀mù kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó dé orí páànù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì tún sáré gòkè padà. Olè ni Ilma fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ síta, inú ilé ló tì í mọ́ pẹ̀lú ẹyin. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún ìbínú.

Nígbà tó gbé àkàsọ̀ dé láti lọ tú páànù, Clive ti fo wáyà kọjá. Ó di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú.

"Ta ló pè ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí. Tí ẹ bá ṣubú, wọ́n á ní èmi ni mo tì yín."

Ilma gùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó yọ. "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín lánàá?"

"Inú mi ń dùn pé ẹ fẹ́ ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín."

"O sọ ọ́ bí ẹni tí ò fẹ́ kí n gbà á gbọ́."

"Mi ò fẹ́ lóòótọ́."

"Ìkà ni ẹ́, Clive."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ilma fa ìṣó tó kẹ́yìn yọ. Páànù já bọ́ sílẹ̀ gbàràmù. Kò pẹ́ tí pósọ́ọ̀mù fi sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì igi, ó sì sá gba inú pápá Clive lọ.

Ìgbà yẹn ni akọ kokatúù fò dé, bó ṣe ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó gbé oúnjẹ bọ̀ fún aya rẹ̀, ó sì ké sí i. Abo fò wá láti orí ẹ̀ka kan, akọ sì fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Nígbà tó jẹun tán, ó wọ inú ihò rẹ̀ padà, ó tún ìyẹ́ rẹ̀ tò, ó sì jókòó láti sàba. Ilma wà lórí àkàsọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bó ṣe máa sọ fún un pé kò sí ẹyin níbẹ̀ mọ́.