Omi Ìṣínu Bàbá Mi

Mo kórìíra kí ènìyàn wá sílé mi kó bi mí pé ṣé omi tútù wà. Àwọn ọmọ mi mọ̀, àwọn aládùúgbò náà mọ̀, àlejò nìkan ni kò mọ̀. N ó sọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n ó sì gbẹ́nu mi dákẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlá. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mò ń gbálẹ̀, mò ń se abẹ́rẹ́ nínú omi híhó, mo sì ń tọ́jú fíríìjì. Iná mọ̀nàmọ́ná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, kẹrosíìnì ni fíríìjì náà ń lò, àtùpà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i rí kò ní gbà pé iná lè mú nǹkan tutù. Bàbá mi pàápàá kọ́kọ́ rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó ní iná àtùpà náà gbọ́dọ̀ máa jó bí àwọ̀ aró. Bó bá ti pọ́n, tó ń rú èéfín, kí n pa á, kí n gé ẹnu òwú rẹ̀ kó dọ́gba, kí n sì fọ ọ̀pá tí èéfín ń gbà jáde. Kí n sẹ́ kẹrosíìnì kí n tó rọ ọ́ sínú rẹ̀. Kí fíríìjì má fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí n má ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láìnídìí, nítorí oògùn àjẹsára ìta ló wà nínú rẹ̀, àìsàn tí àwọn kan ń pè ní èéyi, tó máa ń kó àwọn ọmọ wa lọ bí ọyẹ́ bá ti dé. Ooru ń pa oògùn náà, bó bá sì ti kú, kò sí ojú tó lè wò ó kó mọ̀. Mo bi í pé ṣé mo lè máa gbé ìgò omi mi síbẹ̀. Ó wò mí.

"Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀," ó ní. "Fíríìjì oògùn ni. Kì í ṣe ti omi."

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé n kò mọ̀.

Ààwẹ̀ ọdún náà bọ́ sí ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn sì ń mú. Télọ̀ ni bàbá mi, ó ti dàgbà, síbẹ̀ kì í fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ààwẹ̀. Bó bá ti di lẹ́yìn ìrun Àsárì, ètè rẹ̀ á ti gbẹ, á gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Lọ́jọ́ kan mo gbé ìgò omi kan sí ẹ̀gbẹ́ oògùn, mo sì gbé e lọ fún un nígbà ìṣínu. Ó mu ún, ó dijú, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n mọ òùngbẹ láyé àti lọ́run. N kò tíì gba àdúrà tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í dá nǹkan mu. Ó bu díẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kejì, ìgò di méjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó ti di mẹ́sàn-án, àwọn àgbà tó mọ̀ mí láti ìkókó ló sì ni gbogbo rẹ̀. Èwo nínú wọn ni n ó wò lójú kí n sọ pé rárá, nínú oṣù Ràmàdáánì? Bàbá mi so òwú mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í gbé. Ó so pupa mọ́ ti ẹnì kan, ó so funfun mọ́ ti ẹlòmíràn. Òwú aláwọ̀ aró ló so mọ́ tirẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun ló ni fíríìjì.

Kí àyè lè gba ìgò, mo sún páálí oògùn sí ibi ilẹ̀kùn. Omi tí oòrùn ti pa ń wọlé lójoojúmọ́, ilẹ̀kùn ń ṣí, ilẹ̀kùn ń padé. Nígbà tí kò tutù tó mọ́, mo yí iná sókè. Iná pọ́n, ọ̀pá èéfín dúdú kirikiri. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fíríìjì náà tó ní ìlà pupa, òun la fi ń mọ bó ṣe tutù tó. Àràárọ̀ ni mò ń wò ó, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì mọ́jú, ìlà pupa náà á sì wà níbi tó yẹ kó wà. N kì í wò ó nírọ̀lẹ́. Mo mọ ohun tí n ó rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni a fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn ìyá, wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kí ọkàn wọn lè balẹ̀, ọmọ mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú. Àkọ́bí mi ni, kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Bàbá mi ti fún un ní igi òwú kan tí òwú ti tán lára rẹ̀ pé kó fi ṣeré, kì í sì fi í sílẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó tún ki igi òwú bọnu. Mo yíjú sí àwọn ìyá náà, mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tèmi rèé." Wọ́n bá tò.

Ọyẹ́ dé, ìta bá a wọlé. Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ sú láti ẹ̀yìn etí dé ẹsẹ̀. Mò ń tan ara mi pé ooru lásán ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, igi òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wá a. Ó kú lórí ẹsẹ̀ mi ní ìyálẹ̀ta. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín, n kò sì lè sunkún lójú ènìyàn, nítorí mo mọ ohun tí wọn kò mọ̀.

Wọ́n wá kí mi. Ohun tí a máa ń sọ ni gbogbo wọn ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Bí wọ́n bá ti dárúkọ omi, ìgò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà ni mo máa ń rí lójú mi. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí ìta sì pa ọmọ náà, dì mọ́ mi, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì dọ́gba. Kò dọ́gba. Títí obìnrin náà fi kú, n kò sọ fún un, ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì nìyẹn.

Ọ̀gá mi ni mo jẹ́wọ́ fún. Ó da oògùn tó kù nù, ṣùgbọ́n kò lé mi. Ó ní kò sí ẹni tí yóò tún ṣọ́ fíríìjì náà bíi tèmi mọ́.

Ààwẹ̀ tún dé. Bàbá mi gbé ìgò rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, òwú aláwọ̀ aró náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó nà án sí mi. N kò gbà á. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, oògùn ọmọ yẹn ti kú kí a tó fún un. Ooru ìgò omi wa ló pa á."

Ó ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ikọ́ mú un."

"O sì dá a rù." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn. "Èmi ni mo bu omi náà fún wọn. Èmi lo ṣàánú."

Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó tú òwú kúrò lọ́rùn ìgò, ó fi sápò, ó bá ọ̀nà ilé lọ. Omi inú àmù ló fi ṣínu lọ́jọ́ náà, kò sì mu omi fíríìjì mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i nídìí fíríìjì náà. Mò ń wo ìlà pupa láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ìgò kankan kò sì wọ ibẹ̀ mọ́. Fíríìjì wà nílé tèmi náà lónìí, n kì í gbé omi sínú rẹ̀. Àlejò tó bá béèrè omi tútù, àmù ni mo máa ń nawọ́ sí. Wọ́n ní mo láhun. Ká ní mo ti láhun tipẹ́ ni, ọmọ mi ì bá wà láyé.