Omi Gbígbóná Ilé Onítáyà

Mo rántí ìgbà tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti ìlẹ̀kùn yàrá ọkọ mi pa, tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀, tó sì ń rìn káàkiri agbo ilé bí ẹni tó joyè. Àbúrò ọkọ mi ni. Mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn ní Ìlá, nítorí náà n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé ní láti fún ọmọ ọkọ lórúkọ tó dùn ún gbọ́. Àwọn yòókù ń pe tiwọn ní Akọ̀wé àti Adúmáadán. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni mo sọ tèmi, títí dòní ló sì rò pé mo fi ń yìn ín ni.

N kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà náà. Ó ní, “Ìyàwó, ọmọ ilé ló ni ilé.” Mo sunkún títí. Mo ti fi kẹ́mísírì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rò ní tòótọ́ pé ẹni tó bá kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò ní sunkún nítorí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo rí ilé onítáyà tí ọkọ mi fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Amẹ́ríkà, irú èyí tí mọ́tò máa ń fà lẹ́yìn, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti balùwẹ̀. Abẹ́ igi ọsàn ló wà. Mo gbé àpótí mi wọ inú rẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pàtẹ́wọ́: “Ẹ wá wo ìyàwó tó ń gbé inú ọmọlanke!”

Kò mọ̀ pé táńkì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke náà tí gáàsì ń mú omi rẹ̀ gbóná. Ọyẹ́ Ìlá kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí gbogbo ilé ń gbọ̀n, èmi ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ọ̀pá irin kan wà nínú táńkì náà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa jẹrà lọ. Ìpẹtà tí ìbá jẹ táńkì, ọ̀pá yìí ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Bó bá jẹ ẹ́ tán, èèyàn á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọkọ mi ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, èmi ni.

Ní ọdún kan mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgbájọ, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, omi tó jáde pọ́n bí àgbo. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti rí i tí omi ń kán lábẹ́ táńkì, ó tú u, ó bá ọ̀pá náà bí ṣùkù àgbàdo tí eku jẹ kù, ó jù ú nù, ó sì fi irin lásán dí ojú ihò. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Iṣu tó bá rà, wọn kì í fi í sáàárín àwọn yòókù. Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ó wá pe ìpàdé ẹbí, ó ní ìjẹrà ti ran gbogbo ilé onítáyà, àwọn tó ń ra irin pàǹtí sì ti ń bọ̀ wá fà á lọ. Bí wọ́n bá fà á lọ, n kò ní ibi tí mo lè sùn sí ní ìlú ọkọ mi.

Ìyàwó ọmọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, àwọn ìyàwó ilé sì ń fojú kó èéfín igi ìdáná láàárọ̀ lálẹ́ kí ìyá ọmọ lè rí omi gbígbóná wẹ̀. Olórí ẹbí wò wá lọ, ó wò wá bọ̀. Ó ní, “Bí omi tó mọ́ tó sì gbóná bá jáde níbẹ̀ láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ, tí ìyá ọmọ fi wẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Bí kò bá jáde, kí wọ́n máa fà á lọ.”

Ọ̀pá tuntun tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé táńkì lè ti lu. Mo pa gáàsì, mo jẹ́ kí omi tútù, mo ṣí ẹ̀rọ omi kí agbára inú rẹ̀ lè jáde, mo wá fi sípánà tú irin tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi dí i. Omi pupa tú jáde pẹ̀lú èérún ìpẹtà. Àwọn ìyàwó ilé ń fa omi kànga, mo ń dà á sí i, ó ń ṣàn jáde.

Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ìyá Tíṣà, ṣé táńkì lẹ ń wẹ̀ ni àbí abiyamọ?”

Mo ní, “Táńkì ló kọ́kọ́ bímọ!”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jókòó, ó ń rin pákò rẹ̀. “Iṣu rírà lẹ ń fọ̀ yẹn.”

Ìyálé gbogbo wa dá a lóhùn: “Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ tán ná. Bó bá rà lóòótọ́, ẹ̀yin la máa gún un fún.”

Ẹ̀rín pa wá débi pé korobá bọ́ sínú kànga. Nígbà tí omi mọ́, mo wé tépù funfun mọ́ ẹnu ọ̀pá tuntun, mo dè é le, mo sì pọn omi kún táńkì. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó kó tó da omi. Mo fi ọwọ́ nu abẹ́ táńkì. Ó gbẹ. Láàárọ̀ ìsọmọlórúkọ, mo tan gáàsì, omi jáde, ó mọ́ gaara, ó ń rú èéfín. Nígbà tí wọ́n da igbá omi àkọ́kọ́ lé ìyá ọmọ lẹ́yìn, ó figbe ta: “Ẹ rọra o, ẹ ò ní bó mi!” A bú sẹ́rìn-ín, a sì jó yí ilé onítáyà ká.

Ọyẹ́ ti wá, ó ti lọ, láìmọye ìgbà. Yàrá ọkọ mi ṣì wà ní títì. Ikán ló ń gbé ibẹ̀, ó ń bá Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ ọ. Mo mọ ohun tí ìwé mímọ́ wí nípa ìdáríjì, mo ti kà á dáadáa, n kò sì tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọyẹ́ bá dé, korobá àwọn ìyàwó ilé a tò dé ẹnu ọ̀nà mi, a ó sì rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó yọ. Lọ́dún yìí, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ náà wá, ó fi agbádá bo korobá tirẹ̀. Mo bu omi kún un. Ó gbé e, ó rìn díẹ̀, ó wá yíjú padà.

“Ìyàwó, bó o bá tún fẹ́ ra irin yẹn, ra méjì. Orúnkún mi ò gba omi tútù mọ́.”