Akèrègbè Tábà Bina Choolwe Tí Wọ́n Tì Mọ́nú Gíláàsì

Bina Choolwe, ìyẹn Ìyá Choolwe, ti kú. A sin wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, láìfi ẹnu kan tábà gidi láti ìgbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa ti yá akèrègbè tí wọ́n fi ń mu ún.

Ní àfonífojì Gwembe wa yìí, ta ni kò mọ̀ pé obìnrin ló ń mu akèrègbè? Ọkùnrin tó bá fẹnu kàn án, àwọn ọmọdé á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi kó lọ sílùú mìíràn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní àwọn fẹ́ fi ṣàfihàn fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Bina Choolwe fọ̀ ọ́, wọ́n fi òróró pa á, wọ́n gbé e fún wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọdún kẹrin rèé. Ọ̀gá Kapembwa, alákòóso tí wọ́n gbé wá láti olú-ìlú, tì í mọ́nú gíláàsì, ó lẹ páálí mọ́ ọn: “Ìkòkò tábà àwọn jagunjagun ayé àtijọ́. Àwọn tó ń mu ún ti kú tán.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wò ó níbẹ̀, Choolwe, ọmọ wọn, ló kà á fún wọn níwájú ọ̀gá náà.

“Ó ní kí ni mo jẹ́?”

“Jagunjagun ni, Ìyá mi. Ẹ sì ti kú.”

“Ogun wo ni mo jà, yàtọ̀ sí èyí tí mo bá bàbá rẹ jà?” Wọ́n yíjú sí ọ̀gá. “Ọmọ mi, ṣí nǹkan yìí, kí n mu ún lẹ́ẹ̀kan.”

“Ẹ má bínú, Màmá. A kì í fọwọ́ kan nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé.”

“Itọ́ mi ló wà nínú rẹ̀. Ṣé itọ́ mi náà ti di ìṣẹ̀ǹbáyé ni?”

“Ìlànà ni, Màmá.”

Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń rántí wọn jù, tí omi inú akèrègbè á máa hó bí wọ́n ṣe ń fa èéfín rẹ̀, tí wọ́n á sì bú gbogbo wa tán kí nshima oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ẹni tí wọn ò bá bú á lọ bá wọn, á béèrè ohun tí òun ṣe. Àárò wọn ń sọ mí gan-an.

Ọ̀gá Kapembwa wá síbi òkú. Ṣé ó gbé akèrègbè dání? Rárá o. Ó ní ìlú pàdánù ìṣúra, ó mu chibwantu wa yó, ó wá fa Choolwe sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé àwọn lè rí ọ̀pá ìtilẹ̀ ìyá rẹ̀ gbà.

Choolwe ní, “Ọ̀gá, ẹ kúkú gbé èmi náà sínú gíláàsì.”

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ìbátan yóò yan ẹni tí yóò jogún orúkọ àti ẹ̀mí Bina Choolwe. Akèrègbè ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Kí ni wọn yóò gbé fún un báyìí, páálí? Ta ló kọ ìkọkúkọ yẹn? Èwo nínú àwọn obìnrin ìlú yìí ló bi léèrè?

Kí Ọ̀gá Kapembwa mú kọ́kọ́rọ́ wá. Kó ṣí gíláàsì náà lójú gbogbo àwọn obìnrin, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé akèrègbè fún ẹni tí wọ́n bá yàn, kó sì sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wa gbọ́, pé Bina Choolwe ló ni ín.