Itọ́ Paulo àti Itọ́ Rita

Ó ku ọjọ́ kan péré kí oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò pé, nígbà tí mo pinnu pé mo gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ.

Itọ́ ni a ń gbà níbi iṣẹ́ wa ní Grand Prairie, nílùú òyìnbó. Oníbàárà á tu itọ́ sínú túùbù, ẹ̀rọ á yẹ DNA inú rẹ̀ wò, ìwé èsì á sì sọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Èmi ni mo ń tẹ ìwé náà, tí mo sì ń kà á fún oníbàárà. Lójoojúmọ́ tí mo bá ń wakọ̀ bọ̀ láti ilé mi ní Vickery Meadow, mo máa ń rò pé òní ni wọ́n máa lé mi. Ẹ̀rù ni, ìtìjú sì wà nínú ẹ̀rù náà, torí a ti ṣe ìdúpẹ́ iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló fẹ́ lọ gba ìdúpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run?

Lọ́jọ́ náà, èsì oníbàárà méjì jáde. Ọmọ ìyá àti baba kan náà ni Paulo àti Rita, ará Bùràsíìlì. Fọ́tò wọn wà nínú fáìlì. Paulo funfun, ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Rita dúdú, ó jọ àǹtí mi kan ní Ìjẹ̀bú débi pé díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀ kí fọ́tò. Ṣùgbọ́n èsì sọ pé Áfíríkà pọ̀ nínú Paulo ju nínú Rita lọ.

Èmi ni mo lẹ orúkọ mọ́ túùbù wọn; mo ti pààrọ̀ wọn nìyẹn. Ó yẹ kí n sọ fún ọ̀gá wa, Anti Rónkẹ́, ará Ọ̀yọ́ tí kì í pariwo, tí ìyẹn gan-an sì ń dẹ́rù bà mí. N kò sọ. Mo gbé orúkọ Paulo sórí èsì Rita, mo gbé ti Rita sórí ti Paulo. Ara tù mí. Mo tilẹ̀ gbéra ga díẹ̀: ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ bó bá rí i?

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jókòó síwájú mi, Anti Rónkẹ́ sì jókòó sẹ́yìn mi, torí òun ló máa sọ bóyá mo máa dúró.

"Mà, Áfíríkà pọ̀ nínú yín gan-an," mo sọ fún Rita. "Ẹ káàbọ̀ sílé!"

Rita ka ìwé náà, ó wò mí. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọkùnrin ni mí."

Paulo yẹ tirẹ̀ wò. "Èmi ni obìnrin! Rita, ó yẹ kí Màmá ti sọ fún wa."

Ìlà kejì ìwé èsì ló máa ń sọ bóyá itọ́ ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Ká ní mo wò ó, ǹ bá ti mọ̀ pé n kò pààrọ̀ túùbù kankan. Ìmọ̀ ohun alààyè ni mo sì kà ní yunifásítì.

"Tọ́pẹ́, kí lo ṣe?" Anti Rónkẹ́ bi mí.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, láti àná ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, ó wá ń ṣe mí bíi pé..."

"Mi ò bi ọ́ bó ṣe ń ṣe ọ́. Kí lo ṣe?"

"Mo wo àwọ̀ wọn, mà."

Anti Rónkẹ́ yíjú sí wọn, ó tọrọ àforíjì. Ó ní ní Bùràsíìlì, àwọn Pọtogí, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ àti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ti para pọ̀ bímọ tipẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń bu tirẹ̀ lára ìyá àti baba, ohun tí ọ̀kan bù kì í ṣe ohun tí èkejì bù. "Àwọ̀ ara ò ju ilẹ̀kùn ilé lọ. Kò lè sọ iye èèyàn tó wà nínú ilé."

Rita kò rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́pàá ìlú wa náà máa ń wo àwọ̀. Wọ́n á dá mi dúró, wọ́n á ní kí Paulo máa lọ. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo kó ìwé èsì méjèèjì kúrò níwájú wọn.

"Ẹ má lé e," Paulo ní. "Láti kékeré, kò sẹ́ni tó gbà pé mo ní baba ńlá ní Áfíríkà. Ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ rí ẹ̀rí ẹ̀ tún wá gbà á lọ́wọ́ mi. Mọ̀lẹ́bí nìkan ló lè ṣe irú ẹ̀ sí èèyàn."

"Oṣù mẹ́ta míì," Anti Rónkẹ́ sọ fún mi. "Lọ tún un tẹ̀."

Nígbà tí mo padà dé, Rita ti yọ fọ́tò méjèèjì nínú fáìlì, ó ti da wọ́n dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

"Ó yá," ó ní. "Kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì. "Paulo. Ọkùnrin."

"Ọpẹ́ o!" Paulo ní.