Ọwọ́ Òsì Jayéọlá

Títí di òní, tí ẹ bá dárúkọ olóògbé Jayéọlá ní Uselu nílẹ̀ Ẹ̀dó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́ yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọdún 1993 ni. Eré bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ṣe ní pápá kan lọ́nà Ekenwan: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù líle, ẹnì kejì á fẹ́ fi kóńdó gbá a, ẹnì kẹta á lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, á fi ìbọ̀wọ́ aláwọ hán an. Jayéọlá ló ń jù, Ìdòwú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń hán. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fóòmù ibùsùn ló gbà wọ́n, owó oṣù gidi ni wọ́n sì ń san fún Jayéọlá, kó ṣáà máa ju bọ́ọ̀lù.

Ọyẹ́ ti bo pápá, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Jayéọlá tẹjú mọ́ iwájú, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, ó wá fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni ò rí i. Gbì tó dún nínú ìbọ̀wọ́ Ìdòwú ni wọ́n gbọ́. Ó tún jù ú, wọn ò tún rí i. Ọmọ Ẹ̀dó tó mú kóńdó lọ́wọ́ gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kọjú sí rẹfirí.

"Oga, wetin dis man dey talk for mouth?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó di ilé, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Kóńdó náà sùn sórí pápá mọ́jú.

Wọ́n ní ọfọ̀ ni Jayéọlá ń pè. Ọfọ̀ kẹ̀! Ìdòwú nìkan ló mọ ohun tó ń sọ, torí òun ló ń sọ ọ́ fún: "Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni Jayéọlá láti inú ìyá rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìyá yẹn, ọmọ Ìkìrun tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ti fi pàṣán kọ́ ọ pé ọmọlúàbí kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Ìdòwú sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá jù, ọ̀dọ̀ Ìdòwú náà ló ń lọ.

Ìdòwú bẹ̀ ẹ́ títí pé kó panu mọ́. Ó ní òun ti foríjì í, tàná, tòní, tọ̀la. Jayéọlá ní ọ̀tọ̀ ni kí àgbà foríjini, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọdé mọ ara rẹ̀. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú nígbà náà. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù fo ògiri, ó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó sójà kan, gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn eré mẹ́ta, kò sí ẹgbẹ́ tó tún gbà láti bá wọn ṣeré. Wọ́n ní àwọn ò lè kó ọmọ ọlọ́mọ lọ pàdé oògùn Yorùbá. Ilé iṣẹ́ fún Jayéọlá ní fóòmù kan, ó di gbére.

Ó padà sídìí fíríìjì tó ń tún ṣe ní Uselu, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ kan ò lè kọjá kó má ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ògiri náà pẹ̀lú. Morọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé báyìí. Ó ní bíríkìlà tó mọ ọ́n, àgbà ni.

Àìsàn àyà ló mú un lọ lọ́dún 2012. Wọ́n sin ín tán, àlejò tú ká. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Morọ́láyọ̀ ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ gbì lẹ́yìnkùlé. Ó jáde. Kò sí èèyàn, kò sí bọ́ọ̀lù. Eruku sìmẹ́ńtì ń rọra jábọ́ lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Dọ̀tun ọmọ rẹ̀ ní, "Mummy, na rat." Ṣùgbọ́n Dọ̀tun fúnra rẹ̀ ti kó ibùsùn rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Morọ́láyọ̀ pe Ìdòwú. Ó ní ọ̀kan nínú méjì ni: kó wá bá òun wó ògiri náà, tàbí kí òun kó kúrò nínú ilé tí òun àti ọkọ òun jọ fi òógùn ojú kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìdòwú dọ́kàn, torí òun náà fẹ́ràn Jayéọlá bí ọmọ ìyá. Síbẹ̀, ó gbé òòlù ńlá, ó lọ.

Wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé, oòrùn ń wọ̀. Àpò ẹrù Morọ́láyọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́bàá ògiri dédé fò sá. Gbì. Irun ara Ìdòwú dìde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ hán nǹkan. Ó fi tipátipá gbé òòlù sókè, ó súnmọ́ ògiri.

Ni gbogbo rẹ̀ bá pa lọ́lọ́. Wọ́n dúró títí, ilẹ̀ ń ṣú lọ, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Morọ́láyọ̀ dìde.

"Bàbá Dọ̀tun?" Ó pè é wẹ́lẹ́.

Ó di apá Ìdòwú mú, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, ẹ gbé òòlù yẹn kalẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n tí ò bá jù ú mọ́, ó ti wá kú lóòótọ́ nìyẹn."

Ìdòwú gbé òòlù kalẹ̀, òun náà ti ń sunkún. Àwọn méjèèjì jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń retí rẹ̀.