Olúgbódi kò fẹ́ dá jẹun

Kò sí ará Glei, ìlú wa ní Tógò, tí kò mọ ìtàn ọ̀sán ọjọ́ tí Olúgbódi fi ọmọ odó méjì gúnyán. Ní àdúgbò wa, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń gún iyán pọ̀: bí eléyìí ṣe ń gbé tirẹ̀ sókè ni tọ̀hún ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó bá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri ti mọ iye ẹni tó wà nídìí odó. Láti ìgbà tí Àpọ̀kẹ́, ìyàwó Olúgbódi, ti kú, ìró ọmọ odó kan péré ló ń jáde nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, àdúgbò ṣàdédé gbọ́ méjì.

Kí iyán náà tó kúnná, àwọn obìnrin ti dé láti kí ìyàwó tuntun. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé adìyẹ dání. Olúgbódi nìkan ni wọ́n bá, ọmọ odó kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, òógùn bò ó, iyán wà lára ògiri, ó sì wà lórí ajá. Wọ́n béèrè ìyàwó. Olúgbódi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí wọn, èyí tó ní ìka mẹ́fà tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ.

“Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ìka kẹfà,” ó ní, “ṣé ọmọ odó kan ló yẹ kó máa dì mú?”

Ó sì gba adìyẹ náà.

A fi í rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń ti bàbá náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Lomé àti Kútọnu, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun nìkan ló ń dá jẹun. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ń tọrọ owó sàn ju ẹni tó ń tọrọ èèyàn lọ.

Bí ọjọ́ ọjà bá pé, á wọ takisí lọ sí Atakpamé, kò ní rà, kò ní tà. Àyè àárín lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn mọ́ra, tí gbogbo èrò ń sá fún, òun ló máa ń jà fún un. Elvis awakọ̀ bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ kan, ó ní kí ó wá jókòó níwájú. Inú bí i. Ó ní Elvis ní ọ̀nà tó ń wò, ta wá ni òun yóò máa bá sọ̀rọ̀?

Ilé ìwòsàn ló fẹ́ràn jù, nítorí bẹ́ńṣì ibẹ̀ gùn, àwọn tó wà lórí rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ àwọn aláboyún wò, ó lọ jókòó sáàárín wọn. Armelle, nọ́ọ̀sì wa, bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní ohun tó ń ṣe àwọn yòókù náà ni. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Armelle mú un wọlé, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wá béèrè ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní ewúrẹ́ òun ni, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà ń bá òun yan odì.

“Bàbá, àìsàn ni ìdánìkanwà,” ni Armelle wí. “Wọ́n sọ ọ́ fún wa nípàdé, ó ń gé ẹ̀mí àgbàlagbà kúrú. Ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ máa jẹun.”

Olúgbódi béèrè bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Armelle ní kò sí. Olúgbódi ní kì í ṣe àìsàn nìyẹn, ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, odó rẹ̀ dákẹ́. Gààrí ló ń mu láàárọ̀, òun náà ló ń mu lálẹ́, ṣòkòtò rẹ̀ kò sì dúró mọ́ nídìí láìsí okùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rù bà wá pé a máa pàdánù rẹ̀.

Àṣé òun náà ti ń rò ó. Lọ́jọ́ kan, ó kan ilẹ̀kùn Léonie, opó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn. Ìjà adìyẹ tó ń jẹ ẹ̀fọ́ nìkan ló ti ń pa wọ́n pọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Olúgbódi kí Léonie, ó béèrè àlàáfíà Franck àti àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù tí wọ́n wà lókèèrè, ó kí i kú ìsìn, ó kí i kú ọyẹ́, ó kí ẹ̀fọ́. Léonie fún un lómi. Ó mu ún tán, ó tún tọrọ òmíràn, ó mu ìyẹn náà tán. Léonie kúkú gbé ìkòkò omi síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

“Ìyá Franck,” ni Olúgbódi wí, “mi ò lè dá jẹun mọ́.”

Léonie na ìka sí ààrò rẹ̀. “Èmi náà ò dáná láti ìjẹta. Ta ni mo fẹ́ dáná fún?”

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti jọ ń gúnyán. Nígbà tó yá, Fájọbí, aládùúgbò wa kan tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, ń gbé iṣu wá, Armelle sì ń yà wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi. Olúgbódi wá ń káàkiri, ó ń sọ pé ìyà ìdánìkanwà ì bá ti pa Léonie, pé àánú rẹ̀ ló ṣe òun tí òun fi ń forí tì í, tí òun ń fara da ọbẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ la ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Léonie kì í jà, ẹran inú àwo Olúgbódi nìkan ló máa ń dín kù.

Nígbà òjò tó kọjá ni Olúgbódi lọ. Ó jẹun tán, ó bẹ Léonie pé kó bá òun wá igi ìtayín. Kí ó tó mú un dé, Olúgbódi ti sùn lọ lórí àga.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó nílé Léonie, à ń sọ ìtàn Olúgbódi, ẹ̀rín sì gba ẹnu wa. Fájọbí wá rántí ìfọ́nnu rẹ̀ pé òun ló gba Léonie là. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àyàfi Léonie.

“Òótọ́ ló sọ,” ni Léonie wí.

Fájọbí fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó rọra bi í pé ìgbà wo ni kí òun gbé iṣu wá lọ́la.