Kókó Ọjọ́ Jímọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, ó ń lọ atalẹ̀ nínú àsánká, abọ́ amọ̀ tí inú rẹ̀ rí ṣágiṣàgi. Abọ́ náà ń yọ̀ kiri lórí sìmẹ́ńtì, ó sì ní kí n bá òun dì í mú. Ọwọ́ kan ni mo fi dì í mú. Fóònù wà ní ọwọ́ kejì, mo ń ka ìròyìn. Kò ráhùn. Ó lọ atalẹ̀ rẹ̀ tán, ó fọ ọwọ́, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò dìde mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la sin ín.

Gbogbo ọjọ́ ayé wa pọ̀ ló fi ń lọ nǹkan. Èmi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ohun tí mo mọ̀ nípa lílọ̀ kò ju ariwo lọ. Mo máa ń pa eyín keke lójú oorun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á ní, “Bàbá wọn, ẹ tún lọ jéró mọ́jú. Ìyẹ̀fun dà?” Nígbà kan, ní Ayigya, àdúgbò kan ní ìlú Àṣàńtì tí à ń gbé, a dúró wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń gun pákó onítáyà, tí wọ́n ń fi ikùn pákó náà ha etí àtẹ̀gùn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún wa pé lílọ̀ ni àwọn ń pe eré yẹn lédè Òyìnbó. Ìyàwó mi bi í pé kí ló wá ń jáde níbẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá rẹ̀ tó ti bó hàn wá.

Ohun tó ń jáde nínú lílọ̀ ti ìyàwó mi ni kókó, ẹ̀kọ jéró tó ń gbé lọ fún àwọn ìyá arúgbó ní mọ́sálásí wa ní Dichemso ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, ló bẹ̀rẹ̀ sàráà náà. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ìyá àgbà tó ń ṣáájú àwọn obìnrin wá bá mi. Ó fara balẹ̀ sọ pé àwọn ti rí ilé mìíràn tí kókó náà lè ṣí lọ sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní Jímọ̀ kan.

Ó wò mí. “Tíṣà, ẹ ò dé ibi ẹ̀rọ ìlọkà rí láyé yín.”

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó mi ni àwọn ìyá náà fi ń ṣàdúà bí wọ́n bá ti mu kókó tán. Bí kókó bá ṣí kúrò nílé wa, orúkọ náà á ṣí kúrò lẹ́nu wọn.

Mo rẹ jéró. Ní Ọjọ́rú, mo gbé e lọ sí níkà-níkà, ilé ẹ̀rọ ìlọkà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà ń sọ pé “due, due”, bí àwọn Àṣàńtì ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n sì sún sẹ́yìn fún mi. Ojú tì mí láti kọ àánú wọn. Wọ́n da jéró mi sẹ́nu ẹ̀rọ kété tí obìnrin kan kó ata gbígbẹ tirẹ̀ kúrò. Ìyàwó mi ì bá ti béèrè ohun tí wọ́n lọ̀ gbẹ̀yìn. Èmi ò béèrè. Nígbà tí mo sè é tí mo tọ́ ọ wò, ó jó mi lọ́fun, omi sì bọ́ lójú mi. Mo jókòó ti ìkòkò náà, mo jẹ́ kó máa ṣàn. N kò tíì sunkún láti ọjọ́ ìsìnkú.

Mo rẹ jéró mìíràn. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún fẹ́ sún fún mi. Mo dúpẹ́, mo dúró sẹ́yìn. Nígbà tó kàn mí, mo béèrè. Wọ́n ní ẹja gbígbẹ ni. Mo jẹ́ kí ẹni mẹ́ta kọjá, títí obìnrin kan fi lọ jéró tirẹ̀, mo wá tẹ̀ lé e.

“Bàbá,” obìnrin náà ní, “ẹ ti ń gbọ́n.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ro kókó náà títí ó fi ki, mo gbé e lọ sí mọ́sálásí. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ mu ún. Ó ní kò kúnná tó ti ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà, ó na ife rẹ̀ tó ti ṣófo sí mi, mo sì bù ú kún.